Àfetísí àti Àpótí Tí Kò Mọ Kíkí

Ẹ má rò pé ìyá tó bí i ló sọ ọ́ ní Àfetísí. Orí òpó tẹlifóònù ló ti gba orúkọ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ọkùnrin yìí fi gun òpó fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tó ń so wáyà tó já, tó ń tú èyí tó lọ́ mọ́ra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dúró nísàlẹ̀, òun á wà lókè, á fi èjìká há fóònù tí wọ́n fi ń dán láìnì wò mọ́ etí. Bí ẹnìkan bá ń tẹ nọ́ńbà nínú ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán, òun á máa pe nọ́ńbà náà sísàlẹ̀ bí ẹni ń kàwé: "Èje. Èjì. Èjì. Ẹ̀fà. Háà, ó ti ṣì í tẹ̀, ó ti gbé e sílẹ̀." Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń pidán ni. Kì í ṣe idán. Etí ni.

Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lára fóònù ló ní ohùn tirẹ̀, kì í sì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Méjì ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, tí wọ́n jọ ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nìyí.

"Ìwọ pe dò."

Ìyàwó á pe dò.

"Pe mí."

Á pe mí.

"Ó yá, pe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ìyàwó á la ẹnu, ọrùn á nà, ẹ̀rín nìkan ni yóò jáde. "Ṣé o fẹ́ kí ọ̀fun mi ya ni, bàbá àwọn ọmọ mi?"

"Ṣó o wá rí i? Ohun tí ẹnu ọmọ ènìyàn kò lè ṣe ni wọ́n fi ṣe ohùn bọ́tìnnì, kí ẹ̀rọ má baà ṣi ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́."

Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn ni wọ́n máa ń kó ìwé àtijọ́ jù sí, àwọn ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá láti òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí wò. Ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì lọ sílé. Oṣù mọ́kànlá ló fi ka èyí tó nípọn jù nínú wọn, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, pẹ́ńsù lápá òsì, ọ̀rọ̀ mẹ́fà lójúmọ́, nígbà mìíràn ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní òun mọ ìgbà tó bá ti lóye ojú-ìwé kan, nítorí pé á dìde láti lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ orúnkún. Orúnkún òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá sọ̀kalẹ̀ lórí òpó, á dì mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ọkọ tí ń kí ìyàwó tó pẹ́ ní àjò, kì í ṣe ìfẹ́ o, ẹsẹ̀ ló kọ̀. Dókítà ní kó yé gun òpó. Ilé-iṣẹ́ ní òpó ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á síṣẹ́, kò ní ìwé ẹ̀rí tí ó lè gbé e jókòó sí yàrá iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn tí ilé ìwòsàn aláboyún kan fi kọ lẹ́tà sí wọn.

Obìnrin tó máa ń gbé fóònù ilé ìwòsàn náà ti fẹ̀yìntì, wọn kò sì rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Láìnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó ń dún kíríkírí, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Àwọn aláboyún tí ọmọ ń mú nílé ń pè, wọ́n ń pè, títí ìrora á fi gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹ̀rọ kan wà tó lè máa dáhùn.

Olórí yàrá iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Onítáì, nítorí pé nínú òòrùn, nínú òjò, kódà lábẹ́ ọkọ̀ tó bà jẹ́, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àfetísí lọ bá a, ó mú àpótí kékeré kan dání. Módẹ̀ẹ̀mù àtijọ́ ni, irú èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Ó tú ìdérí rẹ̀, ó fi ìka han ọ̀gá ohun dúdú pẹlẹbẹ kan tó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn.

"Ṣíìpù yìí, sà, ó ní etí, ó ní ẹnu. Kò kàn ní ọpọlọ fún iṣẹ́ yìí ni. Bí mo bá kọ ètò sí i nínú, á máa gbọ́ bọ́tìnnì tí èèyàn bá tẹ̀, òun náà á sì máa dún bíi bọ́tìnnì láti pe yàrá tí wọ́n bá fẹ́ nínú ọgbà."

Ọ̀gá wo ṣíìpù, ó wo ẹni tó mú un wá. "Ìwọ? Agunòpó?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ó dáa. Mo fún ọ ní oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣiṣẹ́, o ò gun òpó mọ́, wàá wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣíìpù lẹ́nu rẹ mọ́ láéláé, òpó ń dúró dè ọ́."

Ẹni bá rí Àfetísí ní oṣù mẹ́ta yẹn, á mọ̀ pé iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n pé òògùn náà korò. Kíkọ́ ṣíìpù láti dún kò nira. Ó sọ fún un pé kó mú ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, kó mú ohùn òkè báyìí, kó dà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ìgbọ́ ni iṣẹ́. Nínú ìwé ló ti rí ìṣirò kan tí ó máa ń dì mọ́ ohùn kan ṣoṣo, á máa bi ohun gbogbo tó bá wọlé pé: mélòó lo fi jọ ẹni tí mo mọ̀? Mẹ́rin fún ohùn ìsàlẹ̀, mẹ́rin fún ohùn òkè, oníbodè mẹ́jọ. Bí oníbodè kan nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè bá jọ ní "mo mọ ọ́n" lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tìnnì nìyẹn.

Àyè inú ṣíìpù náà kéré, ó kéré bí àpò ṣòkòtò ọmọdé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ sí i ni ó ń wọ̀n. Síbẹ̀ ó fi àyè díẹ̀ pamọ́ fún ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí àpótí bá ń pe yàrá agbẹ̀bí lọ́wọ́, tí ẹni tó pè ń dúró, ó ní kó máa ta orin kékeré kan sí i létí: re mí dò dò, re mí dò. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa á pè é ní orin lásán. Ẹni tó gbọ́ á mọ̀ pé ó ń sọ pé: Ẹ má bẹ̀rù, a ń bọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún un nílé, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà dáwọ́ dúró. Ó kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ẹ̀wà ni.

Ó tẹ bọ́tìnnì fún àpótí náà nígbà ẹgbẹ̀rún, kò ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin yàrá iṣẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n bú u, wọ́n yìn ín, wọ́n wúkọ́ sí i. Kò dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ohùn obìnrin dídùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ á ní: "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ tẹ ení fún káàdì. Ẹ tẹ èjì fún agbẹ̀bí. Ẹ tẹ ẹ̀ta fún òògùn. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ tẹ ẹ̀sán." Ẹ̀sán ló ń pa ìpè, nítorí láìnì àtijọ́ ni, kì í tètè mọ̀ pé ẹni tó pè ti lọ, àwọn mìíràn á sì máa dúró.

Oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì kanrí tí agbẹ̀bí àgbà fi pe yàrá iṣẹ́. Obìnrin tó ti gba ọmọ àwọn ọmọ tó gbà ni, kò sì bẹ̀rù táì ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí? Ṣé ìyàwó rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ó ń já fóònù mọ́ àwọn obìnrin létí! Ọkùnrin á pè, á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin á pè, kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì, gbàgà, ó ti tì í síta. Ilé ìwòsàn aláboyún lẹ gbé ẹ̀rọ tó kórìíra obìnrin wá!"

Ọ̀gá Onítáì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àfetísí, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo fún ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti agbẹ̀bí yẹn máa dán an wò fúnra wa. Bí ó bá já fóònù mọ́ obìnrin kan ṣoṣo, tú u kúrò níbẹ̀. Wàá sì wà lórí òpó lọ́jọ́ Ajé." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé o ò kàn lè gbé iṣẹ́ ẹ̀sán fún bọ́tìnnì mìíràn ni?"

Àfetísí gbìyànjú ìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé e fún àrún. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í já fóònù mọ́ àwọn tí ohùn wọn fi díẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹni lé ewúrẹ́ kúrò ní gbàgede, tí ó wá gba yàrá wọlé ni.

Lọ́jọ́rú ó lọ jókòó sí ilé ìwòsàn, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó kán sí, ó so fóònù ìdánwò mọ́ láìnì, ó fetí sílẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ wọlé. Ohùn dídùn yẹn ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Obìnrin tó pè ní, "Ẹ ṣé o! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́ ooo..."

Gbàgà.

Èkejì wọlé. "Ẹ káàbọ̀ o." "Ooo, ẹ kúuu ọjọ́ mẹ́ta!" Gbàgà.

Àfetísí bo ojú. Gbogbo bí òun ṣe ń ka ìwé àwọn tó ṣe ṣíìpù yìí, kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ènìyàn lè máa kí ẹ̀rọ. Ní ìlú tiwọn, bóyá, bí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì. Ní tiwa, ta ló máa kí ọ káàbọ̀ tí o kò ní dáhùn? Àwọn ọkùnrin yàrá iṣẹ́ kò kí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé àpótí ni. Àwọn ọkùnrin tó ń pè láti ìta náà ń kí i, ṣùgbọ́n kíkí ọkùnrin gé, "Ẹ ǹ lẹ́", ó tán. Àwọn obìnrin ló ń fa "o" náà gùn bí okùn ìfami. Kí ló wá wà nínú "o" yẹn?

Ó gbé àpótí kejì, irú ti àkọ́kọ́ tó fi ń dán ètò wò, lọ sílé, ó tò ó sórí tábìlì ilé ìdáná, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí fèrèsé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi kíkí pa ẹ̀rọ, ìyá yìí ni. Ènìyàn tó máa ń kí ẹni tó ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ títí ọkọ̀ á fi lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí nǹkan yìí."

"Kí n kí kí ni?"

"Àpótí ni, Màmá."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é báyìí?"

"Ẹ kàn kí i, Màmá," ni ìyàwó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbádùn."

Ìyá tún gèlè ṣe, ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ kú ìjókòó o, àpótí. Ẹ kúuu iṣẹ́ ooo."

Lójú kọ̀ǹpútà, Àfetísí rí i: ẹ̀sán. Ìyá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀: àrún. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀: ení. Àfetísí mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹnu kò lè pe dò àti mí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Ìyá ohùn ń lọ níwájú, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ ń tẹ̀ lé e, èyí ga ju ìyẹn lọ. Bí obìnrin bá fa "o" gùn, ọmọ kẹrin lè kọjá níwájú oníbodè ìsàlẹ̀ kan, ọmọ keje níwájú oníbodè òkè kan, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbodè á ní "mo mọ ọ́n". Wọn kò wẹ̀yìn wò láti rí i pé èrò ló ń bọ̀.

"Màmá, ẹ ti la ojú mi."

"Àmín. Ṣé kí n máa kí i nìṣó?"

Ó mọ oògùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó fi oníbodè mẹ́jọ mìíràn sí i, tí wọn ò ní wo àlejò, àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa wò. Bọ́tìnnì gidi, méjì péré ni wọ́n ń bọ̀, ẹ̀yìn wọn mọ́ nigín. Bí ẹ̀yìn bá kún, ènìyàn ni, má dá a lóhùn, jẹ́ kó kí. Ó kọ ọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó gbé e sínú ṣíìpù. Ṣíìpù kọ̀ ọ́. Kò sí àyè.

Ó gé ibí, ó gé ọ̀hún. Ó tún àwọn ọ̀rọ̀ kọ kí wọ́n kúrú. Títí oòrùn fi yẹ̀, àyè tó kù kò tó. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ibẹ̀ tí iṣẹ́ kò béèrè. Ìyàwó rẹ̀ rí i tó jókòó tí kò tẹ nǹkan kan.

"Orin yẹn ni, àbí?"

Ó mi orí.

Ìyàwó jókòó tì í. "Ẹni tí wọ́n já fóònù mọ́ létí, ta ló fẹ́ kọrin má bẹ̀rù fún un? Yọ ọ́. Dún un fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i ná, kó o tó yọ ọ́."

Ó dún un. Re mí dò dò, re mí dò. Ó yọ ọ́. Àwọn oníbodè tuntun wọlé, àyè tó ṣẹ́ kù kò gba lẹ́tà mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Ẹtì yàrá iṣẹ́ kún. Agbẹ̀bí àgbà dúró sí ilé ìwòsàn níbi tí fóònù tirẹ̀ wà. Ọ̀gá Onítáì ló kọ́kọ́ gbé fóònù. Ó tẹ ení, ó dé ibi káàdì. Ó tẹ ẹ̀sán, ìpè parí. Ó tún pè, ó tẹ ẹ̀ta, ó dé ibi òògùn. Ó wá wo ẹ̀yìn bóyá ilẹ̀kùn tì, ó sọ ohùn rẹ̀ di tíńrín bíi ti ìyàwó ojú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ ooo, àwọn tèmi ooo." Ẹ̀rín bú. Ẹnìkan ní, "Ọ̀gá, ta ló gbé yín níyàwó?" Àpótí kò mira.

"Tèmi ò jọ tiwọn," ni ọ̀gá wí, ó ń tún táì ṣe. "Obìnrin gidi dà?"

Àfetísí ṣílẹ̀kùn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé tòun ti báàgì, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kí yàrá iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n gbé fóònù fún un.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni àpótí wí.

"Ooo! Ẹ ṣéun, ọmọ mi. Ẹ kúuu iṣẹ́ ooo. Ẹ kúuu àárẹ̀. Ohùn yín mà dùn o, ta ló bí yín? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Àfetísí di etí tábìlì mú. Kò mọ̀ pé òun dì í mú. Àpótí tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí kò bá rí bọ́tìnnì gbọ́. Ìyá dá a lóhùn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: káàdì, ó ní òun ní tòun, agbẹ̀bí, ó súre fún wọn, òògùn, ó ní kí òògùn má di oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni ooo, ó fa "o" ìyẹn gùn tó fi jẹ́ pé Ọ̀gá Onítáì wo aago. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àpótí sọ tirẹ̀ tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá kí i. Láìnì kò já.

"Ẹni yìí mà ní sùúrù o," ni ìyá wí, ó bo ẹnu fóònù. "Nínú gbogbo àwọn ọmọ ọ́fíìsì tí mo ti bá pàdé, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ mi dópin bí eléyìí."

"Màmá, ẹ tẹ èjì wàyí," ni Àfetísí rọra wí.

Ó tẹ èjì. Àpótí gbé ohùn bọ́tìnnì tirẹ̀ jáde láti pe yàrá inú ọgbà, ìdákẹ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e níbi tí orin ì bá wà. Àfetísí nìkan ló mọ bí ìdákẹ́ náà ṣe gùn tó. Agbẹ̀bí àgbà wá gbé e.

"Agbẹ̀bí nìyí. Obìnrin ni mò ń gbọ́ yẹn? Ó gbà ọ́ wọlé?"

"Ó gbà mí wọlé, ìyá mi! Ẹ kú iṣẹ́ ooo!"

"Ẹ kúuu àbọ̀ ooo!"

Ó di kíkí láti ìhà méjèèjì, "o" ń pàdé "o" láàárín wáyà, àpótí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì pè é ní ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá Onítáì fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó mú ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Àfetísí kò fẹ́ yọjú wò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbọ́ràn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni "yàrá iṣẹ́" wà, àti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá dúró síbì kan. "Wọ́n bi wá níbí pé kí ló fa àṣìṣe àkọ́kọ́. Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀yàyà ni, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó kọ ọ́.

"Màmá," ni ìyàwó Àfetísí ké láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ tẹ ẹ̀sán, kí àwọn ẹlòmíràn lè pè!"

Ìyá yí fóònù sí etí kejì. "Ṣé mo ti dágbére ni? Agbẹ̀bí ìyá mi, ẹ gbọ́ nǹkan kan ná. Ilé ńkọ́?"

Ọ̀gá Onítáì fọwọ́ sí ìwé, ó tì í sọ́dọ̀ Àfetísí, ó sì jókòó, ó ń dúró kí fóònù rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá.